Ọta Tó Sanra Ju Ẹnu Ìyá Àgbà Lọ

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5 Oṣù Kẹwàá

Èjìká ọ̀tún mi ti wú. Yìnyín wà lórí rẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí, omi rẹ̀ sì ń ro sórí ìwé. Ìyá Àgbà ló fà á. Kì í ṣe ìyá ẹnikẹ́ni o, ìbọn ni — ògbólógbòó ìbọn àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n rọ kí wọ́n tó bí bàbá mi, irú èyí tí Bàbá gbé kọ́ èjìká ní gbogbo ọdún tó fi ṣe aṣọ́gbó ìjọba lápá Ìgbẹ̀tì. Ọwọ́ oníṣòwò tó ní ìwé àṣẹ ni mo ti rà á. Wọ́n yẹ orúkọ mi wò, wọ́n ní n kì í ṣe ọ̀daràn. Wọn ò yẹ ọpọlọ mi wò.

Kí ni apoògùn tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí kò pa eku rí, ń fi ìbọn ṣe? Bàbá ni. Dókítà ojú ti là á mọ́lẹ̀ fún wa: ojú òsì ti lọ, ti ọ̀tún ń tẹ̀ lé e. Wọn yóò ṣe iṣẹ́ abẹ ní ọjọ́ kejìlá oṣù tó ń bọ̀. Kì í ṣe láti dá èyí tó ti lọ padà, kí èyí tó kù má baà lọ ni. Dókítà náà kò sì fi ọwọ́ sọ̀yà. Nínú mọ́tò, bí a ṣe ń bọ̀ wálé sí Fairwood ní Amẹ́ríkà níhìn-ín, Bàbá ní òun fẹ́ mú irú ìbọn òun àtijọ́ dání kí ilẹ̀ tó ṣú mọ́ òun lójú. Òun fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀.

Bàbá kì í tọrọ nǹkan. Ọdún kejì rèé tó ti wà lọ́dọ̀ wa, kò tí ì tọrọ ju ata gígún lọ. Mo ní kò burú, Bàbá. Ẹnu mi yá ju orí mi lọ.

Lónìí, Ikrimah mú mi lọ sí pápá ìyìnbọn. Ọmọ Ìbàdàn ni, ó ṣe sójà Amẹ́ríkà fún ọdún pípẹ́, ó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Largo báyìí. Ọta inú ṣọ́ọ̀bù la yìn. Ìyá Àgbà tapá, díẹ̀ báyìí ló kù kí n fẹ̀yìn balẹ̀. Ikrimah rẹ́rìn-ín tán, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, this thing go break Baba shoulder o." Òótọ́ ni. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin ni Bàbá, èjìká rẹ̀ ò ju ìfaṣọkọ́ lọ. Ikrimah ní kí a fọwọ́ ara wa ṣe ọta tó rọ̀: ẹ̀tù díẹ̀, orí òjé. Mo ní ṣé iṣẹ́ náà le? Ó ní kò le. Ó yẹ kí n ti sá nígbà yẹn.

Ọjọ́ Ajé, 7 Oṣù Kẹwàá

Mo ti ra orí ọta. Ó pọ̀ gan-an. Wọ́n dínwó rẹ̀. N kò béèrè ìdí.

Ọjọ́ Bọ̀, 10 Oṣù Kẹwàá

Ìdí rèé. Wọ́n sanra jù.

Kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kó yé èmi náà. Ọta ní ara, ó ní orí. Ara ni kòròfo idẹ tí ẹ̀tù wà nínú rẹ̀. Orí ni òjé tó ń fò lọ. Orí yìí gbọ́dọ̀ bá inú ọ̀pá ìbọn mu géérégé. Tó bá sanra jù, wàhálà ni. Tó bá tín-ín-rín jù, wàhálà mìíràn ni. Àwọn tí mo rà kì í ṣe ti Ìyá Àgbà rárá, ti ìbọn mìíràn ni. Àpótí wúwo méjì. Ọkọ̀ akóẹrù ló gbé wọn wá, ẹni tó gbé wọn sílẹ̀ wò mí bíi pé mo ṣẹ̀ ẹ́.

Mo pe Ikrimah. Ó ní ẹni tó ń fi oògùn fún aráyé kò ka ara páálí. Ó ní kí n má mikàn, a lè fún wọn tẹ́ẹ́rẹ́. Òun yóò gbé ẹ̀rọ wá.

Mètírọ́n — Morọ́láyọ̀, ìyàwó mi, nọ́ọ̀sì àwọn aláboyún ní ọsibítù ní Largo — ti sífìtì dé, ó bá àpótí méjèèjì ní ojú ọ̀nà gáráàjì. Ó kọjá lórí wọn pẹ̀lú bàtà iṣẹ́ rẹ̀. Ìbá dáa kó sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12 Oṣù Kẹwàá

Ẹ̀rọ ti dé. Irin wúwo, ó ní apá gígùn tí a ń fà wálẹ̀. A dè é mọ́ tábìlì gáráàjì. Mo sọ ọ́ ní Alágídí. Orí rẹ̀ la ń de òrùka irin mọ́, ihò òrùka náà fi díẹ̀ kéré sí orí ọta. A ó ti orí ọta gba inú rẹ̀ kọjá, yóò sì jáde ní títẹ́ẹ́rẹ́ tó bá ìbọn mu.

Ṣùgbọ́n kí la fẹ́ kó bá mu? Ìbọn àtijọ́ ò jọra wọn. Wọ́n ti yin Ìyá Àgbà títí inú rẹ̀ ti gbòòrò. A ní láti wọ̀n ọ́n. A fi òòlù ti òjé rírọ̀ kan gba inú ọ̀pá rẹ̀ kọjá, òjé náà sì gba àwòrán inú ọ̀pá. Ikrimah fẹ́ wọ̀n ọ́n. Mo ní kó fi sílẹ̀ fún mi: láti ìgbà tí mo ti jáde ní yunifásítì, wíwọn nǹkan ni mo fi ń jẹun. Mo fi máíkírómítà wọ̀n ọ́n, mo fi kálámù ńlá kọ iye rẹ̀ sára ògiri. Ikrimah wo iye náà, ó wò mí. Ó ní ṣé ó dá mi lójú? Mo ní ó dá mi lójú. Ó yọ òrùka tó bá a mu nínú àpò rẹ̀.

Orí ọta àkọ́kọ́ há sínú òrùka. Mo so mọ́ apá Alágídí, ẹsẹ̀ mi kúrò nílẹ̀. Kò jáde. Ikrimah ní ó le ju bó ṣe yẹ lọ. Mo ní òróró ni kò sí, kì í ṣe òrùka. Ẹnu mi yìí!

Ọjọ́ Àìkú, 13 Oṣù Kẹwàá

Mo ṣe òróró fúnra mi. Apoògùn ni mí, kí ni mo fẹ́ lọ rà? Ọ̀rá irun àgùntàn, èyí tí a ń pè ní lanolíìnì, mo fi sípírítì yọ́ ọ. Ọláídé, ọmọ wa, ṣí ilẹ̀kùn gáráàjì, ó tì í padà. "Daddy, why does it smell like a goat in here?" Mo ní àgùntàn ni, kì í ṣe ewúrẹ́. Kò dúró gbọ́.

Ọjọ́ Bọ̀, 17 Oṣù Kẹwàá

Iṣẹ́ ń lọ. Pẹ̀lú ọ̀rá àgùntàn, wọ́n ń gba inú òrùka kọjá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń han bí ilẹ̀kùn àtijọ́.

Bàbá ti sọ gáráàjì di ààyè rẹ̀. Ó gbé àga kalẹ̀, ó ń fi ìka tọ́ orí ọta wò lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí ojú kò fi bẹ́ẹ̀ rí i mọ́. Ìka rẹ̀ máa ń pẹ́ lára wọn. Mo fẹ́ kó bá mi sọ ìtàn iṣẹ́ rẹ̀. Mo bi í pé irú ọta wo ni wọ́n ń lò. Ó ní ọta ìjọba ni. Mo ní ṣé ó máa ń ta wọ́n léjìká báyìí? Ó ní ta ni yóò ta òun! Mo ní mélòó ni wọ́n ń fún wọn lóṣù? Ó ní èyí tó tó wọn.

Àgbà ló ń sọ̀rọ̀ lóòótọ́. Kò sí ẹni tó mọ bí a ti ń fi ọ̀rọ̀ pa ọ̀rọ̀ mọ́ bíi tiẹ̀.

Mo bẹ̀ ẹ́ kó tún sọ ti lọ́rí olè gẹdú fún mi. Láti kékeré ni mo ti mọ ìtàn yìí lórí. Lọ́rí kan, ọkùnrin mẹ́sàn-án, àdá àti ayùn, Bàbá nìkan lójú ọ̀nà inú igbó. Ó gbé ìbọn sókè. Ó ní kí gbogbo wọn dojú bolẹ̀. Wọ́n sì dojú bolẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́ tí ọlọ́pàá dé. Nítorí ìtàn yẹn, Ọmọ Ọta ni wọ́n ń pè mí ní ilé ìwé. Kò sí ẹni tó jẹ́ fọwọ́ kàn mí, èmi tí omijé máa ń bọ́ lójú mi tí wọ́n bá pa adìẹ.

Bàbá sọ ọ́. Ó parí rẹ̀ bó ṣe máa ń parí rẹ̀: "Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a kọjú rẹ̀ kọ òun?" Ó fi ìka ṣe bí ẹni ń fa apátí ìbọn. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo rẹ́rìn-ín jù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 19 Oṣù Kẹwàá

Ìtìjú. Mi ò fẹ́ kọ ọ́.

Mo máa kọ ọ́. Èmi àti Ikrimah lọ yin ọta tí mo fún tẹ́ẹ́rẹ́. Ó rọ̀ léjìká, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n orí bébà tí a dojú kọ! Àwọn kan kò tilẹ̀ dé ibẹ̀. Àwọn tó dé ibẹ̀ fi ẹ̀gbẹ́ wọlé, ihò wọn gùn gbọọrọ bí aláǹgbá tó sùn. Wọ́n tín-ín-rín jù, wọ́n kàn ń ta gbàrágbàrá nínú ọ̀pá ni. Ká ní mo fọwọ́ jù wọ́n ni, wọ́n ì bá ṣe dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ikrimah rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní òun ti wà lójú ogun, òun ò rí irú èyí rí. Ó ní bí Bàbá bá yin èyí, aláta tó wà ní Bowie, ìlú tó múlé gbè wá, ni kó máa sá.

Nílé, Bàbá bi mí báwo ni. Mo ní ó dáa díẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 20 Oṣù Kẹwàá

Mo ti rí àṣìṣe náà. Inú ọ̀pá ìbọn ní òkè, ó ní kòtò. Kòtò ló yẹ kí a wọ̀n, òkè ni mo wọ̀n. Òjé tó gba àwòrán rẹ̀ ní ibi gíga àti ibi tó wọnú, mo sì kó ẹnu máíkírómítà sí ibi tó wọnú. Ọmọ kíláàsì kìíní kò ní ṣe é. Mo fi omi ọṣẹ nu iye tí mo kọ sára ògiri. Kò nù. Kálámù aláìlèparẹ́ ni mo fi kọ ọ́.

Mo ti ránṣẹ́ ra òrùka mìíràn. Ìkánjú rèé lóòótọ́: ọjọ́ abẹ kò ní dúró dè mí. Bàbá kò rí ife tíì lórí tábìlì láàárọ̀ yìí. Ó fọwọ́ wá a kiri, ó rò pé n kò rí òun.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 26 Oṣù Kẹwàá

Òrùka tuntun dé. Ó yàtọ̀! Orí ọta ń kọjá wẹ́rẹ́, Alágídí ti di ọmọlúàbí. Àpótí kan ti bàjẹ́ tán sí ìwọ̀n òmùgọ̀, ṣùgbọ́n ìkejì ṣì kún. Kò tán síbẹ̀ — mo da òróró àgùntàn mi sínú ìgò kékeré aláwọ̀ ewé kan tó ti ṣófo, kó lè rọrùn láti máa kán an sórí ọta. Mo gbé e sójú fèrèsé níbi tí a ti ń fọṣọ. Ọlọ́gbọ́n ọmọ ni mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 29 Oṣù Kẹwàá

N kò rí ìgò mi. Mo wá a títí, mo wá rí i lórí pẹpẹ kíṣìnnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bíbélì Mètírọ́n. Obìnrin yìí àti ìmọ́tótó. Mo gbé e padà sí gáráàjì. Òróró náà ti ṣàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kò sì rùn mọ́. Bóyá ó ti dàgbà. Gbogbo orí ọta tí mo fẹ́ ló ti gba inú òrùka kọjá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 2 Oṣù Kọkànlá

Yípo! Gbogbo ihò yípo! Wọ́n sún mọ́ ara wọn débi tí n ó fi fi àtẹ́lẹwọ́ bò wọ́n. Ìyá Àgbà kò tapá, ó kàn fi èjìká tì mí bí ẹni ń kí mi. Ikrimah fúnra rẹ̀ ló ti dúró tì mí lórí ọ̀ràn ẹ̀tù, kò jẹ́ kí n fọwọ́ ara mi wọ̀n ọ́n, mo sì mọ ìdí. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, you try." Mo kọrin bọ̀ wálé.

A ó mú Bàbá lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 3 Oṣù Kọkànlá

Olúwa, dárí jì mí.

Lẹ́yìn ìsìn, Pásítọ̀ pe Bàbá síwájú kí a gbàdúrà fún ojú rẹ̀. Gbogbo ìjọ na ọwọ́. Mètírọ́n ṣí báàgì rẹ̀, ó mú òróró ìtasórí jáde: ìgò kékeré, aláwọ̀ ewé. Pásítọ̀ dà á sọ́wọ́. Kò ṣàn. Ó ń fà bí ilá. Pásítọ̀ wo ọwọ́ rẹ̀, ó ní ìfòróróyàn tòní nípọn, ìjọ pariwo àmín. Ó fi pa Bàbá níwájú orí.

Ibẹ̀ ni òórùn àgùntàn ti dé imú mi.

Mo sáré bọ́ síwájú, wọ́n rò pé Ẹ̀mí ló bà lé mi. Arákùnrin kan dì mí mú láti ẹ̀yìn. Àdúrà kan ṣoṣo ni mo ń gbà: kó má kan ojú rẹ̀, sípírítì wà nínú rẹ̀. Kò kàn án, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn àgbàlagbà mìíràn ti tò. Ìyá Ògo, tí eékún ń dùn, ká aṣọ sókè, wọ́n fi ra eékún rẹ̀ méjèèjì. Pásítọ̀ lò ó tán pátá.

Ó ti rí ìgò mi lójú fèrèsé, ó rò pé tirẹ̀ ni. Bó bá jẹ́ pé ìgò tèmi ló wà nínú báàgì Mètírọ́n, kí ni mo ti ń fi ra orí ọta láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun? Òróró tí wọ́n gbàdúrà sí nínú ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ pípẹ́. Gbogbo ọta tí mo yìn lánàá ni wọ́n ti ta òróró sí lórí. Àbájọ tí wọ́n fi lọ tààrà.

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kọkànlá

Mètírọ́n wá sí gáráàjì pẹ̀lú ìgò òfìfo náà. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó gbé e sí mi nímú. Ó ní òun mọ òórùn yìí: ohun tí wọ́n ń fún àwọn abiyamọ ní wọ́ọ̀dù òun láti fi ra orí ọmú. Ó ní, "Bàbá Ọláídé, ìpara ọmú lẹ fún Pásítọ̀."

Mo bẹ̀bẹ̀. Mo kúnlẹ̀ pàápàá, lórí kọnkéré, láàárín àwọn orí ọta. Ó wò mí títí. Lójijì ló bú sẹ́rìn-ín, ó di tábìlì mú, omijé jáde lójú rẹ̀. Ẹ̀rín náà wá dúró. Ó ní òun bẹ̀rù fún Bàbá, òun ti rí ọ̀pọ̀ tó jí lẹ́yìn abẹ tí òkùnkùn ṣì bo ojú wọn. Mo ní ẹ̀rù ń ba èmi náà. Òun ni ìgbà àkọ́kọ́ tí a sọ ọ́ síta láti ọjọ́ tí dókítà ti sọ̀rọ̀. Ó jókòó sórí àga Bàbá, ó bá mi nu òróró kúrò lára orí ọta títí oúnjẹ fi jóná lórí iná.

Ọjọ́ Rú, 6 Oṣù Kọkànlá

Ìyá Ògo pè. Eékún rẹ̀ ti fúyẹ́, ó ń bi wá níbi tí a ti ra òróró náà. Mo gbé fóònù fún Mètírọ́n.

Ọjọ́ Bọ̀, 7 Oṣù Kọkànlá

Mo fi ọta kan tó ti pé, ara àti orí, sí Bàbá lọ́wọ́. Ó di í mú fúngbà pípẹ́. Ó gbé e sókè sódò. Ó ní, "Báyìí ló ṣe wúwo tó?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá, ẹ ti gbàgbé ni. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó ní kí n jẹ́ kó sùn lọ́dọ̀ òun. Mo ní rárá, Bàbá, ọta kì í sùn lábẹ́ ìrọ̀rí ní ilé yìí. Ó dá a padà bí ọmọ tí a gba àádùn lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9 Oṣù Kọkànlá

Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí kí n tó fi àbùmọ́ bà á jẹ́.

Bàbá wọ ṣẹ́ẹ̀tì kakí. N kò mọ̀ pé ó gbé e wá sí Amẹ́ríkà. Mètírọ́n ti lọ̀ ọ́ fún un, ó sì kìlọ̀ fún mi lẹ́nu ọ̀nà pé bí ìbọn bá fi lè ta bàbá náà, òun náà yóò ta mí. Ikrimah ti dé pápá ṣáájú wa, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kọnkéré. Àwọn òyìnbó kan rò pé ó ṣubú.

Nígbà tí wọ́n dá ìyìnbọn dúró, mo gbé Ìyá Àgbà fún Bàbá. Ẹ̀yìn rẹ̀ tó ti tẹ̀ nà. Ó gbé e kọ́ èjìká, ó yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì, ó gbé e sọ̀ kalẹ̀, ìdí ìbọn dún lórí ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mo padà dà. Gbogbo ara mi ló ń sọ pé, ẹ wò ó, bàbá mi nìyẹn.

A jókòó sídìí tábìlì. Ó ṣí ìbọn láìwò ó. Ìka rẹ̀ mọ ibi gbogbo lára rẹ̀. Mo fi ọta kan sí i lọ́wọ́, mo ní ó yá, Bàbá.

Ó dúró. Ó yí ọta náà padà. Ó tún un yí. Mo rò pé ojú ni. Mo na ọwọ́, ó dì mí lọ́rùn ọwọ́ mú. Ó rẹ ohùn sílẹ̀ kí Ikrimah má gbọ́.

"Adékọ́lá, níbo ni orí rẹ̀ ń kọ sí?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí mo rí i pé òun ò rẹ́rìn-ín.

Ó ní wọn ò fún àwọn lọ́ta rí. Ìbọn ni ìjọba fún wọn, wọ́n ní ọta ń bọ̀. Wọ́n kọ́ wọn bí a ti ń gbé e, bí a ti ń nu ún, bí a ti ń ṣí i tí a ń tì í. Ọdún yí ọdún, wọ́n ní ọta ń bọ̀. Títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ọta tí mo fi sí i lọ́wọ́ lọ́jọ́ Bọ̀ ni ọta ìbọn yẹn tí ó kọ́kọ́ dì mú láyé.

Mo ní, lọ́rí olè gẹdú ńkọ́?

Ó ní ìbọn kan náà ni.

Mo ní, Bàbá, ọkùnrin mẹ́sàn-án, ẹ dúró níwájú wọn pẹ̀lú ìbọn òfìfo?

Ó ní, "Kí ni ǹ bá fi dúró? Òun ni wọ́n fún mi."

Màámi pàápàá kò mọ̀ títí ó fi kú. Bàbá ní olè gẹdú náà ní ìyàwó, ìyàwó rẹ̀ ń bá ìyá mi ra ata lọ́jà kan náà. Bí ẹnì kan bá mọ̀, gbogbo igbó ti mọ̀ nìyẹn, ikú àwọn aṣọ́gbó ló sì dé. Ìbọn ní apátí, kò ní apátí. Láti kékeré ni mo ti ń fi òwe yẹn rẹ́rìn-ín. Bó ṣe wà láàyè dòní ló ń sọ fún mi.

Mo wo ọkùnrin yìí nínú kakí rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo fi ń pe ara mi ní Ọmọ Ọta, kò sí ọta níbẹ̀ rárá, òun nìkan ló wà níbẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo fẹ́ sọ ọ́, ohun tó jáde lẹ́nu mi ni: "Orí síwájú, Bàbá."

Ó tì í wọlé. Mo fi ìbòtí bò ó létí méjèèjì. Ó gbé ojú tó kù lé ìbọn. Ó pẹ́. Ó pẹ́ gan-an. Ó wá dún.

Kò ta á. Ó kàn mì díẹ̀. Ó gbé ìbọn sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ní, "Ohùn rẹ̀ rèé."

Ikrimah fi awò wo bébà. Kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀. Ọta tí mo wọ̀n, tí mo tún wọ̀n, tí wọ́n fi òróró mímọ́ yàn, erùpẹ̀ ló wọ̀. Ikrimah ní, "Bàbá, bullseye!" Bàbá ní kó má purọ́ fún àgbà, òun rí erùpẹ̀ tó fò. Erùpẹ̀ pupa díẹ̀ báyìí, ojú òun rí i.

Mo ní ọta ṣì pọ̀, Bàbá, àpótí odidi. Ó ní ọ̀kan tó. Ó ní kí n fún òun ní kòròfo náà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12 Oṣù Kọkànlá

Yàrá ìdúró ni mo wà. Mètírọ́n ń tòògbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, òru ló fi ṣiṣẹ́. Wọ́n ti gbé Bàbá wọlé. A kò tí ì gbọ́ nǹkan kan. Kòròfo ọta wà nínú àpò mi, ó ní kí n bá òun mú un dání, kí n má nu ẹ̀tù inú rẹ̀ kúrò.

Kí wọ́n tó gbé e lọ, nọ́ọ̀sì ọ̀dọ́ kan ń fi ọ̀rọ̀ dá a lára yá. Ó bi í pé iṣẹ́ wo ló ṣe nílé. Bàbá ní, "Forest guard. With rifle." Nọ́ọ̀sì la ojú. Ó bi í bóyá ó ní láti yìn ín rí.

Bàbá gbé orí kúrò lórí ìrọ̀rí.

"Yes," ó ní. "Saturday."